Wọ́n Ní Àkàndá Kì Í Lólùkọ́

Wọ́n ní inú mi máa ń tètè bí. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kuto, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Èkó, kó máa gbọ́ ohun tí etí mi ń gbọ́ lójoojúmọ́. Bí inú tirẹ̀ ò bá bí, á jẹ́ pé kò ní inú.

Ike ni mò ń tà: báàfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́ẹ̀gì. Ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Oníke nìyẹn. Bàbá kan ń ta ìwé ìròyìn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í sábà rí ẹni tó ń rà á. Kíkà ni wọ́n ń dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ka àkọlé, wọ́n á nàró, iyàn á bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Ẹ̀gbá ò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba. Ẹ wá wo àwọn ọba lórí ìdúró níwájú ọjà mi, tí wọn ò jẹ́ kí oníbàárà ráyè kọjá.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, iyàn orin ni wọ́n gbé dé. Nínú gbogbo olórin tó lókìkí, ta ni àkàndá ọmọ ní tòótọ́? Ta ni Ọlọ́run dá orin mọ́ láti kékeré, ta sì ni wọ́n kàn fi ariwo sọ di bẹ́ẹ̀? Bàbá oníwèé ìròyìn ní onífújì kan ni, tó jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wéré ló ń gbé e sọ́rùn kiri nínú oṣù Ràmàdáánì nígbà tí kò tíì lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀. Tíṣà àgbà kan, tó ti fẹ̀yìn tì, ní irọ́ ni, pé olórin jùjú kan ni, tí gìtá ga jù ú lọ nígbà tó ti ń ta á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ayé ti fi àwọn àgbà sílẹ̀, pé ọmọ tàkasúfèé kan ni, tó fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣe orin tí gbogbo ayé ń jó sí.

Èmi ò ní nǹkan kan láti bá wọn sọ sí ìyẹn. Bí orin bá dùn, ẹ jó. Bí kò bá dùn, ẹ pa á. Ohun tó bí mi nínú ni òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀. Tíṣà ló mú un wá: "Àkàndá kì í lólùkọ́." Ó ní ẹni tí a bá ti kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni, kì í ṣe àkàndá. Gbogbo wọn mi orí. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Onífújì jáde, nítorí bàbá rẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ wéré. Onígìtá jáde, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ọwọ́ rẹ̀ lé okùn. Ọmọ tàkasúfèé pàápàá jáde nígbà tí ẹnì kan rántí pé ìyá rẹ̀ ló ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ wọ́n tán, kò ku ẹnì kan. Ǹjẹ́ kí wọ́n wá yẹ òfin náà wò, bóyá òun ló wọ́? Rárá o. Wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, pé kò sí àkàndá mọ́.

Mo yọ orí láàárín báàfù. "Ẹ̀yin bàbá, ta ló kọ́ yín ní èdè tí ẹ fi ń jiyàn?"

"Ìyá Oníke," tíṣà ní, "ẹ máa ta ọjà yín."

Tíṣà! Ẹni tó fi gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń sọ pé ẹni tí a kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan! Mo pòṣé títí ẹnu fi ro mí.

Ọkọ mi wà láàárín wọn. Ewékorò ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di sìmẹ́ǹtì sínú tírélà, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ bá ti pé, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló máa wà. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ bí ẹni mẹ́ta bá ti sọ ohun kan náà níṣojú rẹ̀, ó ti di òótọ́ nìyẹn.

Ìdí tí òfin yẹn fi gún mi lára ni ìyá mi. Ìtòkú ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé bàbá mi, láàárín àwọn Mùsùlùmí tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Wákà ló ń kọ nígbà tó ṣì lágbára. Bí àlàájà kan bá ti Mẹ́kà dé, kò tíì dé títí ìyá mi á fi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí á gbé orin, tí àwọn obìnrin á sì máa gbè é. Kò ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rí. Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé, tí àwọn ọmọ tuntun gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà sẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Orin kan ló kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, èyí tó gùn jù, tó kọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Apá méjì ló ní: Ìlọ àti Àbọ̀. Ìlọ ni wọ́n fi ń sin èèyàn jáde nílé, Àbọ̀ ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀ lọ́nà. Gbogbo àwọn tó ń bá a gbè é ti kú. Nínú gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ mi obìnrin nìkan ló ní etí tó lè gbà á. Èmi ò ní in. Bí mo bá kọrin rẹ ọmọ, ṣe ni ọmọ á tún máa sunkún sí i.

Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá ti kírun tán, ọmọ mi á lọ sí Ìtòkú. Ìyá mi á gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà sórí atẹ, á gbé e ka iwájú ọmọ. Ẹni tó bá ti se ìrẹsì Ọ̀fàdà rí mọ̀ pé òkúta inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọmọ á máa ṣa òkúta, á máa kọrin. Ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ dúró, orin ò sì gbọ́dọ̀ já. "Bí ọwọ́ rẹ bá dúró," ìyá mi á ní, "èémí rẹ ti tán nìyẹn, o kàn ń tan ara rẹ ni." Bí orin bá já, kì í nà án, kì í pariwo mọ́ ọn. Ó kàn máa ń da gbogbo òkúta tó ti ṣà padà sínú ìrẹsì ni, á ní, "Ó yá, láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo ti rí ọmọ yẹn tó ń fi omijé ṣa òkúta. Mo bá a bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìyá mi wò mí, ó ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kékeré ni ọmọ náà wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti mọ Ìlọ dé òpin. Ó ní kí wọ́n wá kọ́ òun ní Àbọ̀. Ìyá mi ní, "Jẹ́ kí ìlọ rẹ dá mi lójú ná."

Ọdún yẹn ni wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún un nílé kéwú. Nígbà tó ka Kùránì tirẹ̀ tán, tí àwọn aáfà ti ṣàdúà, ìyá mi mi orí sí i, ọmọ náà bá gbé Ìlọ. Àwọn àgbà obìnrin tí wọn ò gbọ́ orin náà láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ẹnì kan ti fi fóònù ká a sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, fídíò náà ti dé Kuto, ó ti dé ọwọ́ ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, ó ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àkàndá!" bàbá oníwèé ìròyìn kígbe. "Ilé wa ló wà tí à ń wá a kiri!"

"Ìyá mi ló kọ́ ọ," ni mo wí.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Oníke, irú ohùn yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́."

"Ẹ lọ bi ìrẹsì Ọ̀fàdà léèrè!" Wọn ò mọ ohun tí mò ń sọ, wọn ò sì béèrè.

Iyàn yẹn náà ló gbé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan dé, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ṣe ètò lórí rédíò ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ó fẹ́ ṣe ìjiyàn ńlá ní gbọ̀ngàn kan ní Pansẹ́kẹ́, kí àwọn ará ìlú wá sọ ẹni tó jẹ́ àkàndá nínú àwọn olórin, kí ọmọ mi sì kọrin gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ọ̀kan tún ti dé. Ọkọ mi ló lọ bá ṣètò. Nígbà tó délé, ó ń rìn yí mi ká níbi tí mo ti ń gé ilá.

"Ìyá ọmọ, bí a bá débẹ̀, ká má dárúkọ Màmá o."

"Kí ni Màmá ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn ló ní kí a ṣọ́ra. Ìwọ náà mọ bí ayé ṣe rí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé arúgbó ló wà nídìí ohùn ọmọdé, wọn ò ní sọ pé ó kọ́ ọ. Wọ́n á ní ó fi nǹkan sí i lẹ́nu ni."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kí n má bàa fi ṣe ohun tí wọ́n á máa sọ nípa mi.

"Ìyá tèmi? Ìyá tó bí mi, tí kì í fi ìrun kan ṣòfò, òun ni wọ́n máa pè ní àjẹ́ nítorí pé ó kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórin?"

"Èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ayé ni mo ní."

"Ayé wo? Ìwọ àti àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ jẹ́ ayé!"

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìbẹ̀rù náà kì í ṣe irọ́. Mo mọ ìlú mi. Bí bàbá arúgbó bá mọ nǹkan, wọ́n á ní àgbà ọ̀jẹ̀ ni, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí ìyá arúgbó bá mọ nǹkan, wọ́n á fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Ìyá mi ò fi ohun tó mọ̀ yangàn rí, síbẹ̀ wọ́n ní ká fi í pamọ́ bí ẹni tó jalè. Mo ní ká má lọ rárá. Ọkọ mi ní òun ti ṣe ìlérí. Ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ. Ọmọdé wo ni kò ní fẹ́? Mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, òótọ́ ni kó o sọ." Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ náà ti pè é sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ múra lọ́jọ́ náà. Ó wọ aṣọ funfun, ó da ìborùn borí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹnu mi ò gbà á, ọkọ mi ò sì láyà. Ó jókòó sí ìlà iwájú láàárín èmi àti ọkọ mi. Wọ́n jiyàn títí: olórin wo ló kéré jù nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ta ni wọ́n kàn ń dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, ta ló jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló lókìkí. Òfin tíṣà ti dé gbọ̀ngàn ṣáájú wa. Gbogbo ẹni tó bá gba máíkì ló ń tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi kọrin. Mi ò ní purọ́, ó kọ ọ́. Ètè ìyá mi ń mì tẹ̀ lé e bí ọmọ ṣe ń kọ ọ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ na máíkì sí i. "Ọmọ wa, ta ló kọ́ ẹ?"

Ó wo bàbá rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Láti ọ̀run ni mo ti gbé e wá."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Wọ́n dìde. Ọkọ mi dìde. Mo wo ìyá mi, òun náà ń pàtẹ́wọ́. Ó rọra ń pa á, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọmọ.

"Irọ́ ni!" Mo fò dìde. "Irọ́ ńlá! Ẹni tó kọ́ ọ ló jókòó yìí!"

Nínú ariwo yẹn, ta ni yóò gbọ́? Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nawọ́ sí mi. "Ìyá ọmọ rèé o! Ayọ̀ ti gbé wọn!" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ìyá mi fa ìró mi. "Jókòó," ó ní. "Má dójú ti ọmọ." Mo jókòó.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Ìtòkú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Ó gba èémí níbi tí kò yẹ, nígbà tó kù díẹ̀ kó parí." Ì bá bú wa, ì bá sàn fún mi. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan ládùúgbò sáré wá kí i: "Màmá, ẹ kú oríire o! Ọmọ tí Ọlọ́run dá lórin fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́!" Ìyá mi ní, "Àmín. A dúpẹ́." Ó wọlé lọ.

Ní Kuto, orúkọ mi yí padà. Ìyá Àkàndá síhìn-ín, Ìyá Àkàndá sọ́hùn-ún. Obìnrin kan wá ra kẹ́ẹ̀gì, ó pè mí bẹ́ẹ̀, mo ní kẹ́ẹ̀gì ti tán. Ó wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀, ó tò lọ rẹrẹ. Mo ní ó ti tán.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi ni mo mú ọmọ lọ sí Ìtòkú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń béèrè apá kejì orin náà. Ọmọ kúnlẹ̀. "Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, Àbọ̀ ni mo wá kọ́."

Ìyá mi dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹni tí kò lólùkọ́, kí ló wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Ọmọ bú sẹ́kún. Mo ní, "Màmá, ọmọdé ni. Bàbá rẹ̀ ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tirẹ̀ ló kọ́ òun náà. Gbogbo wa ló pa rẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Níwájú ayé ló ti pa wá rẹ́, níwájú ayé ni kó ti dá wa padà. Òun fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe ìwọ tí ẹnu rẹ mú bí abẹ yìí."

Ọkọ mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyá mi ní, "Dìde, àna mi. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń kọ́ lórin." Ọkọ mi padà wálé, kò lè wò mí lójú. Mo ní, "Ẹ̀ ń bẹ̀rù pé arúgbó á fi nǹkan sí ọmọ lẹ́nu. Ta wá ló fi nǹkan sí i lẹ́nu, Màmá àbí ìwọ?" Kí ló fẹ́ sọ? Ìyá mi ti dàgbà. Ara rẹ̀ ò le bíi tàtijọ́ mọ́. Bí Ọlọ́run bá pè é lónìí, Àbọ̀ bá a lọ nìyẹn, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti máa tún rí i rà. Nítorí òfin tí àwọn aláìníṣẹ́ṣe mẹ́ta ṣe níbi tí wọ́n ti ń dí oníbàárà mi lọ́nà! Mo jà nílé, mo jà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ọba mi wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, rédíò bàbá oníwèé ìròyìn ń ké. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kí àwọn ará ìlú máa pè, pé iyàn àkàndá ò tíì parí. Ọmọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mi ò rán an níṣẹ́. Ó lọ sẹ́yìn, sáàárín àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ nọ́ńbà náà, ó ń tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi àti nínú rédíò.

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mo kọrin ní Pansẹ́kẹ́. Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn. Màmá àgbà mi ni wọ́n kọ́ mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́ mi. Ìyá wọn ló kọ́ àwọn náà."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀ ọmọ yìí? Gbogbo ògo yìí, ó ń gbé e fún ìyá àgbà! Bí a ṣe ń dá àkàndá gidi mọ̀ nìyẹn!"

"Rárá, sà, òótọ́ ni mò ń..."

Wọ́n gé e. Ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló wọlé.

Níta, tíṣà na ìka sókè. "Mo sọ fún yín, àbí n ò sọ? Àkàndá gidi kì í gbéra ga." Gbogbo wọn mi orí. Òfin tuntun rèé o, lójú mi kòrókòró! Mo gbé báàfù tó tóbi jù nínú ọjà mi, mo sọ ọ́ sáàárín wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Ìwé ìròyìn fọ́n ká ilẹ̀.

"Ọmọ ní ẹnì kan kọ́ òun! Ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́! Ṣé ẹ ò létí ni?"

"Ìyá Oníke, ẹ ṣe sùúrù," bàbá oníwèé ìròyìn ní, ó ń ṣa ìwé rẹ̀. "Iyàn lásán ni."

Iyàn lásán! Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo fa ọmọ lọ́wọ́, ó di Ìtòkú.

Ìyá mi jókòó lórí ẹní, rédíò kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti pa á. Ariwo ni mo bá wọlé. "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí aláìnítìjú yẹn sọ? Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe gé ọmọ lẹ́nu?"

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi. Mi ò dúró gbọ́ ti ẹlòmíràn." Ó fi ọwọ́ lu ẹní. "Wá jókòó. Àbọ̀ ló kàn."

Ọmọ jókòó. Ìyá mi gbé ìlà àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ ti ha, kò lè gòkè mọ́ bíi tàná, ṣùgbọ́n kò ṣìnà. Ọmọ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó kọ ọ́. Ìyá mi mi orí, ó gbé èyí tó tẹ̀ lé e.

Mi ò lè jókòó. Inú ṣì ń bí mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ kígbe kí gbogbo Abẹ́òkúta sáré wá, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbé máíkì rẹ̀ wá, kí tíṣà wá, kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí bí ẹnu arúgbó yìí ṣe ń ṣáájú, tí ẹnu ọmọ ń tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ àfi àwa mẹ́ta.